Ojú Tó Wà Lẹ́yìn Aṣọ Ìkélé

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá 2025

Wọ́n ti gbà. Láti oṣù kẹfà ni mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀, àfi lówùúrọ̀ yìí tí Bàbá Alákòóso ìjọ Ìgandò pè mí, wọ́n ní àwọn àgbà ti fohùn ṣọ̀kan, kí a máa bọ̀ wá ya fíìmù wa ní ibi mímọ́. Ṣùgbọ́n kí Ìkórè tó dé ni o. Tí Ìkórè bá ti kọjá, wọn yóò wó ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ tí bàbá mi ya àwòrán sí, wọn yóò kọ́ pẹpẹ tuntun tó ní táìlì. Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà." Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà, mo ń wo àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọjá.

Ògiri yẹn ni gbogbo ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀ láyé. Fọ́tò kan ṣoṣo tí Màámi ní bá omíyalé lọ ní Ìkọ̀tún kí ojú mi tó là sí nǹkan. Ṣùgbọ́n bàbá mi, Ọláoyè ayàwòrán, ya ara rẹ̀ sára áńgẹ́lì ńlá tó wà láàárín ògiri náà. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ nawọ́ sí i fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré, ó ní, "Bàbá ẹ nìyẹn." Àwọn ìyá ìjọ a di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, wọn a ní ojú bàbá mi ni mo gbé wáyé. Mo fẹ́ rí ojú náà dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kí n sì gbé e sínú kámẹ́rà kó tó di erùpẹ̀. Ohun tí mo ń tìtorí ẹ̀ ṣe fíìmù yìí nìyẹn. Àwọn tó fún wa lówó rò pé nítorí àṣà ni. Kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀ jàre.

Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

A ti rí ẹ̀rọ tí yóò gbé wa padà sẹ́yìn. Tánkì omi dúdú ni, ó ti sán nísàlẹ̀, onílé kan ní Ayọ̀bọ̀ ló fún wa. Nínú fíìmù, ọmọbìnrin kan wọ inú tánkì lórí òrùlé láti fọ̀ ọ́, ó gbọ́ ìró omi níbi tí kò sí omi, ó sì jáde sí ọdún 1981, níbi tí ayàwòrán kan wà lórí àkàbà. Hephzibah ló ń ṣe ọmọbìnrin náà. Ó wọlé, ó kọrin díẹ̀, ohùn rẹ̀ jáde bíi ti ẹni tó wà ní ìlú mìíràn.

Báyọ̀dé, oníkámẹ́rà wa, yí tánkì náà po. "Àǹtí Tòún, bọ́tìnnì rẹ̀ dà? Mi ò rí ẹ̀rọ ìrìn-àjò ìgbà tí kò ní bọ́tìnnì rí."

Mo ní, "Ìwọ ti rí mélòó?"

Ó pòṣé, ó lọ ń tú wáyà.

Nígbà tí wọ́n lọ jẹun, èmi náà wọ inú rẹ̀. Mo dùbúlẹ̀. Ó ń rùn bí èéhù omi, ó tutù, ojú ọ̀run rí roboto lókè, ìkùukùu kan ń rọra kọjá lọ. Mo pe "Bàbá" jẹ́jẹ́. Tánkì gbà á lẹ́nu mi, ó pè é gùn ju bí mo ṣe pè é lọ. Mi ò fẹ́ jáde.

Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá

Òjò. Ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ ti di odò. A ò ya nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ bá Màámi ní Akọ́wọ̀njọ. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọn ò gbójú sókè.

"Màámi, ẹ bá mi lọ sí Ìgandò lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ yà á."

"Kí n lọ ṣe kí ni?"

"Kí ẹ lọ wo ojú ọkọ yín kí wọ́n tó wó o."

Wọ́n bó ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i. "Mo ti rí ojú ọkọ mi tó."

"Èmi ò tíì rí i, ma."

Wọ́n ní kí n bá wọn gbé omi wá. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ọdún tí wọ́n bí mi ni Màámi kúrò ní ìjọ yẹn lọ sí Áńgílíkà, wọn ò sì fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá ń sìnkú ọ̀rẹ́ wọn, ẹnu géètì ni wọ́n máa ń dúró sí. Èmi àti àbúrò bàbá mi ló máa ń lọ. Inú bí mi débi pé mi ò fẹ́ gba ọbẹ̀ tí wọ́n dì fún mi. Mo ṣá gbà á. Ó dùn.

Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ṣí aṣọ ìkélé fún wa kí a lè mọ ibi tí iná máa wà. Mo ti gbàgbé pé áńgẹ́lì náà ga tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ búlúù tó ti fẹ́ di eérú, odò ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn ènìyàn kéékèèké ń bọ̀ létí odò. Ojú rẹ̀ jìnnà sí mi, èéfín àbẹ́là sì ti bò ó díẹ̀. Mo rí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣá, ó dúdú, ó kún. Gideon tó ń ṣe ayàwòrán nínú fíìmù ti ń dá tirẹ̀ sí láti oṣù kẹjọ kó lè bá a mu. Ó ń yún un, ó ń ráhùn ṣáá.

Òfin pọ̀. Bàtà ò wọlé. Aṣọ dúdú àti pupa ò wọlé. Fóònù àti kámẹ́rà ò gbọdọ̀ yà á kí ọjọ́ àdúrà tó pé. Obìnrin ò kọjá irin tó yí pẹpẹ ká. Èmi tí mo jẹ́ olùdarí, ìta ni màá ti máa darí. Báyọ̀dé rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín rẹ̀ dúró nígbà tí wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ kámẹ́rà rẹ̀ dúdú. Ìyá Ìjọ, Mama Charity, wọn ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ní àwọn máa rán aṣọ funfun fún un. Kámẹ́rà wa náà ti gba sùtánà nìyẹn.

Èrò kan ń yí po nínú orí mi láti ìgbà tí mo ti délé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni bàbá mi nígbà tó jábọ́ lórí àkàbà ní Agége, tó sì kú. Mo ti jù ú lọ tipẹ́. Tí mo bá wọ inú tánkì yẹn tí mo bá a lóòótọ́, òun ni yóò kí mi "Ẹ kú iṣẹ́, ma."

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹwàá

A ya ti òrùlé tán ní Ayọ̀bọ̀. Epo tún ti gbówó lórí, a ń pa jẹnẹrétọ̀ ní gbogbo ìgbà tí Báyọ̀dé bá ń ronú, ó sì máa ń ronú púpọ̀. Kùrukùru wà nílẹ̀ láti àárọ̀, oòrùn là á kọjá bíi pé wọ́n fi wàrà fọ̀ ọ́, gbogbo ilé tí wọn ò tíì parí dà bí ilé tí wọn ò tíì pinnu ọdún tí wọ́n fẹ́ wà.

Mo sùn díẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì lọ́sàn-án. Mo lá àlá pé mo dúró nísàlẹ̀ àkàbà bàbá mi, mò ń pè é, ó ń ya nǹkan lọ, kò wẹ̀yìn. Ọ̀dà ń kán sí mi lórí, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Hephzibah ló jí mi, ó fẹ́ mọ ohun tí ọmọbìnrin náà máa sọ nígbà tó bá bá ayàwòrán, torí mi ò tíì kọ ọ́. Mo sọ fún un pé mo mọ̀ pé ọmọbìnrin náà máa pè é, ayàwòrán á yíjú, ojú rẹ̀ á sì di ojú áńgẹ́lì.

"Tó bá wá yíjú tán ńkọ́, ma?"

Mo ní kó jẹ́ kí a dé Ìgandò ná.

Ọjọ́ Ajé, 27 Oṣù Kẹwàá

Ọwọ́ mi ò fẹ́ kọ ọ́.

A dé Ìgandò fún àdúrà ìwọlé. Mama Charity pàdé wa lẹ́nu géètì, ayọ̀ ń tàn lójú wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n fà mí títí dé iwájú irin pẹpẹ, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí aṣọ ìkélé. Ògiri náà funfun láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí áńgẹ́lì, kò sí odò, kò sí nǹkan kan. Òórùn ọ̀dà tuntun wọ imú mi.

"Ẹgbẹ́ ọkùnrin ló kùn ún ní Sátidé," Mama Charity ní. "Ṣé a máa gba àlejò tẹlifíṣọ̀n sí ilé tí kò mọ́ ni? Èéfín ti ba ibẹ̀ jẹ́. A ti ń kun ilé fún Ìkórè tẹ́lẹ̀, a wá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ yín."

Báyọ̀dé ló rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Bàbá, ṣebí a sọ fún yín pé àwòrán yẹn la ń bọ̀ wá yà?"

Bàbá Alákòóso wò wá tàánútàánú. "Ṣebí kọ̀ǹpútà lẹ ó fi dá a padà? Ọmọ mi ní kọ̀ǹpútà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ báyìí."

Wọ́n ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, wọ́n to máàtì tútù sí i fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wa. Kí ni èèyàn fẹ́ sọ? Wọ́n ṣe wá lálejò ni. Ẹni bá mọ inú rò á mọ ọpẹ́ dá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ mi. Mo ní ẹ ṣé, Ọlọ́run á kún yín lọ́wọ́. Mo mu máàtì mi tán. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná wọn, mo sunkún bí ọmọdé.

Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kẹwàá

Báyọ̀dé pè mí ní kùtùkùtù. Ó padà lọ sí Ìgandò lọ mú wáyà tó gbàgbé, ó fi àkísà tútù nu igun ògiri níbi tí aṣọ ìkélé bò. Funfun náà ṣí. Ìyẹ́ búlúù ló wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀dà olómi ni wọ́n fi kùn ún, Àǹtí. Ti bàbá yín, olóròóró ni. Kò lè dì í mú, pàápàá tí kò tíì gbẹ dénú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa ṣá. Ẹ jẹ́ kí Gideon wọ aṣọ ayàwòrán, kó máa nù ún níwájú kámẹ́rà. Láti ọ̀nà jíjìn, á dà bíi pé ọwọ́ ló fi ń yà á."

Ibi tí a ò rí ọgbọ́n dá sí láti ọjọ́ yìí nìyẹn, bí a ṣe máa fi ayàwòrán hàn lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo dì mọ́ fóònù bíi pé òun gan-an ni.

Bàbá Alákòóso gbà. Wọ́n ní omi lásán kì í ba nǹkan mímọ́ jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n gbàdúrà, wọ́n wọ́n omi sí kámẹ́rà. Àwọn ọkùnrin wọlé. Mo dúró síta irin, mo gbé ojú lé ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ohun tí kámẹ́rà ń rí hàn, Hephzibah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú sùtánà tí wọ́n yá a. Gideon ti àkísà bọ omi, ó gbé ọwọ́ lé ògiri, ó fà á. Búlúù yọ. Ó tún fà á, ìka ọwọ́ yọ, ọrùn yọ. Mo ń rí ọdún 1981. Mi ò parọ́, fún ìgbà díẹ̀ mo gbàgbé pé èmi ni mo gbà á síṣẹ́.

Ó dé iwájú orí, ojú méjèèjì ṣí, ó ń wò wá. Ó sọ̀kalẹ̀ sí àgbọ̀n. Àkísà rẹ̀ dúdú. Mo rò pé òjìji ni. Ó tún fà á, irùngbọ̀n náà bá a lọ, gbogbo rẹ̀, bí èédú lójú ìkòkò.

"Gideon, dúró." Ohùn mi gba gbogbo ilé ìjọ kan. Ó dúró, omi dúdú ń kán ní ọwọ́ rẹ̀. Àgbọ̀n tó wà lábẹ́ dán, ó rọ̀, kò sí irun kankan níbẹ̀.

Mo ti fi ọwọ́ ara mi nu bàbá mi nù. Èrò yẹn nìkan ló wà lórí mi.

Hephzibah tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà. "Ma, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ yẹn."

Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo ní kí wọ́n pa iná. A fi ìsàlẹ̀ ògiri sílẹ̀ láìnù, a kó ẹrù wa.

Ẹtì, 31 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Mo lọ bá Màámi láti lọ tọrọ àforíjì. Mo ṣe bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún gbà á lẹ́nu mi. Mo na fóònù sí wọn, àwòrán tí Báyọ̀dé fi ránṣẹ́ wà lójú rẹ̀. Wọ́n wọ jígí, wọ́n na fóònù jìnnà, wọ́n wò ó.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí, wọ́n fi ìdí aṣọ nu ojú.

"Irùngbọ̀n yẹn ti wá lọ?"

"Màámi, ẹ má bínú."

"Kò sí irùngbọ̀n níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí aṣọ ìkélé, mo wà láàárín àwọn obìnrin, oyún rẹ wà nínú mi. Mo gbójú sókè, mo rí ara mi. Bàbá ẹ ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ o. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọ́n ní áńgẹ́lì yìí ti jọ obìnrin jù. Wọn ò mọ obìnrin tó jẹ́. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ìyàwó ayàwòrán ló wà lórí pẹpẹ, ọbẹ ni wọn ì bá fi ha mí kúrò. Lọ́jọ́ kejì, bàbá ẹ lọ èédú, ó fi omi ògì pò ó, ó lọ ya irùngbọ̀n sí i; nígbà tí wọ́n wá ní ara rẹ̀ ló yà, kò jiyàn. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ má fi ọ̀dà gidi ṣe é ni, kó lè ṣeé nù lọ́jọ́ kan."

"Gbogbo ọdún yìí, ẹ ò sọ fún mi."

"Ìwọ tí ẹnu ẹ kì í dúró sójú kan?" Wọ́n bọ́ jígí. "Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á pa á rẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó kù nìyẹn."

"Òun lẹ fi kúrò ní ìjọ?"

"Ṣé kí n máa kúnlẹ̀ fún ara mi ni?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ṣì ń sunkún. Nígbà tó pẹ́, mo bi wọ́n léèrè. Bí ojú áńgẹ́lì bá jẹ́ tiwọn, tó sì jẹ́ àwọn ni mo jọ, bàbá mi wá ńkọ́? Níbo ló ya ara rẹ̀ sí?

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n ní kí n wá mú àwọn lọ́la.

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n ti gbé àwọn nǹkan mímọ́ jáde kúrò níbi pẹpẹ láàárọ̀ nítorí àwọn bíríkìlà. Bàbá Alákòóso ní ó ti di yàrá lásán, obìnrin lè wọlé. Màámi bọ́ bàtà lẹ́nu géètì, wọ́n so gèlè wọn le, wọ́n wọlé. Wọ́n dúró níwájú ògiri. Áńgẹ́lì náà ń wò wọ́n, ọmọge, ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

Bàbá Alákòóso wo ògiri, wọ́n wo Màámi, wọ́n tún wo ògiri. "Mama Tòún, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ni wọ́n sọ níkẹyìn. "Àwa ṣá ti ń rí yín níbí láti ọjọ́ yìí." Wọ́n sì bá tiwọn lọ. Mi ò lè sọ bóyá wọ́n bínú.

Màámi gba àkísà tuntun lọ́wọ́ mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n nu ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn ènìyàn kéékèèké wà létí odò. Wọ́n nù ún jẹ́jẹ́ bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ọkùnrin kan yọ, kò tó gígùn ọwọ́ mi, ó kúnlẹ̀, ó wọ kakí, garawa ọ̀dà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

"Òun nìyí," Màámi ní.

Mo kúnlẹ̀ láti wò ó. Ẹ̀yìn ni, àti orí, àti etí méjì tó yọ síta. Mo fọwọ́ kan etí mi. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti wá rí, torí ti Màámi ò rí bẹ́ẹ̀.

"Kí ló dé tí kò yíjú?"

"Kì í yíjú. Tí mo bá ní kó wá jẹun, á ní òun ń bọ̀, kò ní yíjú." Wọ́n fún àkísà. "Mo ti ń bá ẹ̀yìn yẹn jà tipẹ́."

Orí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀. Mo tẹ̀ lé e láti ibi tí ó kúnlẹ̀ sí, mo gbé orí mi sókè bíi tirẹ̀. Ojú Màámi ló ń wò.

A jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Mi ò rí ojú bàbá mi, mi ò sì ní rí i láyé yìí. Ó dùn mí, mi ò lè sọ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tó ń wò.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kọkànlá

A ya ìparí. Gideon ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, inú rẹ̀ dùn ju ti ọjọ́ tí mo sanwó fún un lọ. Èmi gan-an wọlé lọ darí wọn, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà tó wọ sùtánà rẹ̀.

Hephzibah jáde láti inú tánkì, omi ń kán lára rẹ̀. Ó pe ayàwòrán tó kúnlẹ̀ níwájú ògiri. Ayàwòrán ní òun ń bọ̀. Kò yíjú. Hephzibah dúró díẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bá a wo òkè. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ kankan fún un.

Báyọ̀dé ò dá kámẹ́rà dúró. Ó ní kò sẹ́ni tó ní kí òun dá a dúró.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kọkànlá

Ìkórè dùn lánàá. Wọ́n wó ògiri náà láàárọ̀ yìí. Mi ò lọ.

Màámi pè mí nírọ̀lẹ́, wọ́n bi mí bóyá àkísà tí Gideon fi nu irùngbọ̀n ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní ó wà nínú àpò, mo fẹ́ fọ̀ ọ́.

Wọ́n ní kí n má fọ̀ ọ́, kí n gbé e wá fún àwọn bó ṣe wà.